Bí Mo Ṣe Lọ Wọ Bàálù ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni mo yọ́ ṣílẹ̀kùn bí olè. Ìrì ṣì wà nílẹ̀, èéfín iná àárọ̀ ò tíì yọ nílé ẹnì kankan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo sì rò pé n ó jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí mi. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo tíì gbé síta tí mo fi gbúròó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Àlàájì Ráṣíìdì, olórí agbo ilé wa. Ó jókòó sórí àpótí, bùtà àlùwàlá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi orín rin eyín.

"Sáláwà, níbo?"

"Iléṣà ni, Bọ̀ọ̀dá. N ò ní pẹ́."

"Kí ló wà ní Iléṣà tí kò sí l'Óṣogbo?"

Mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan kan. Mo yára kúrò níbẹ̀ kó tó tún béèrè òmíràn. Irọ́ kọ́ ni mo pa. N ò kàn lè dúró níwájú àgbàlagbà láàárọ̀ kùtù kí n máa sọ pé bàálù ni mo ń lọ wọ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà ní orí mi ti dàrú. Rùkáyátù, ọmọ mi kan ṣoṣo lóbìnrin, wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ti dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni í wẹ ọmọ, òun ni í fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ, òun náà sì ni í lé àlejò tó bá jókòó pẹ́ jù. Lọ́hùn-ún, Rùká ní nọ́ọ̀sì ti fún òun ní ìwé tí òun yóò máa kà. Ìwé! Ṣé ìwé ni yóò gbé ọmọ pọ̀n? Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń fi ọ̀sán sùn. Bí ó bá bí ọmọ náà tán, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí òun náà lè ráyè wẹ̀. "Mọ́mì," ló máa ń sọ lórí fóònù, "bí mo bá ti rí yín báyìí, ara mi á balẹ̀."

Físà mi ti jáde. Àna mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gbéra. Gbogbo Ọjà Ọba, níbi tí mo ti ń ta abọ́ tánganran, ti ń pè mí ní Ìyá Kánádà. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹ̀rù bàálù ń bà mí gan-an. N ò wọ ohun tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí láyé mi, àfi ẹ̀yìn ìyá mi. Ẹni tí yóò ní kí n má lọ ni mo ti ń wá kiri. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, mo ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru á gbà mí sílẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi dára ju tòun lọ. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Wàsíù ló wá gbé ọ̀rọ̀ míì dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, káfíńtà ni, òun nìkan sì ni mo jẹ́wọ́ ẹ̀rù mi fún. Ó ní, "Àǹtí, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní ká kan bàálù kan fún àwọn lẹ́yìn Ìpetu. Àga rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, bíi ti gidi ni. Wọ́n tiẹ̀ ń wá èrò tí yóò jókòó sínú rẹ̀. Ẹ wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ara yín mọ́ ọn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sá mọ àwọn káfíńtà: ìdajì ohun tó wà nínú wọn ni wọ́n ń sọ, ìdajì yòókù á di ọjọ́ tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù.

Bí mo ṣe dé gáréèjì ọkọ̀ Iléṣà l'Óṣogbo nìyẹn, mo wọ híjáàbù búlúù mi tó dára jù, mo sì wọ bàtà tí mo rà fún Kánádà. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ń gbà. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi aṣọ ìnura kọ́rùn, ní kí n jókòó síwájú nítorí pé mo jẹ́ àgbà.

"Màámi, ẹ ò gbẹ́rù," ló wí nígbà tí a jáde nílùú. "Ìnáwó lẹ ń lọ ni?"

N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi sọ òótọ́. "Bàálù ni mo ń lọ wọ̀."

"Ní Iléṣà?"

"Ní Ìpetu."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Sùbúhánáláì." Obìnrin tó jókòó tì í ní, "Àbí ìjọba ti kọ́ pápá bàálù sí Ìpetu tí a ò gbọ́ ni?"

"Wọn ò kọ́ nǹkan kan," ni awakọ̀ dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ, ọ̀nà yìí ni wọn ì bá gbé símẹ́ńtì gbà. Bí wọ́n bá sì gba ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ì bá ti tún un ṣe."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀nà náà ní ibi tó dán, ó sì ní ibi tó jẹ́ pé kòtò ló pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Awakọ̀ yìí mọ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Á yà sọ́tùn-ún fún èyí, á yà sósì fún tọ̀hún, á sì tún máa fi ọwọ́ kan jẹ gúgúrú. Bí ó bá ti yà ni mo ń di ilẹ̀kùn mú, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mo wá ń bẹ̀rù lókè nígbà tí ilẹ̀ rí báyìí.

Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà tí ẹ bá rí kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwa l'Óṣogbo, aṣọ aró la máa ń sá. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú, afẹ́fẹ́ tutù, igi ga, ilẹ̀ pọ́n. Nígbà tí a fi wọ Iléṣà, oòrùn ò tíì mú rárá, àmọ́ odó ti ń dún. Iyán, láàárọ̀! Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kọ àti àkàrà ni a fi ń jí, iyán di ìgbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Obìnrin oníyán kan lẹ́bàá gáréèjì rí i pé mo ń wo òun.

"Yèyé, ẹ wá jẹ uyán," ló wí. Yèyé ni ìyá lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà, uyán sì ni iyán.

"Ẹran kí ló wà nínú ọbẹ̀?"

"Ọ̀yà ni."

"Ta ló pa á?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé ó ṣe bísímílà kó tó pa á?"

Ó wò mí dáadáa. "Yèyé, ìbọn ló fi pa á. Kò sáyè ọ̀rọ̀."

Mo jẹ ẹja. Kí n má purọ́, iyán náà funfun, kò ní kókó kan ṣoṣo, ó sì ń fà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa ìró ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ ná an níye, nítorí ní Ọjà Ọba, bí a kò bá ná ọjà, ẹni tó ń tà á á rò pé ara wa ò yá. Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó pè é náà ni iye tó gbà, ó sì nawọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀ títí mo fi san án.

Ọkọ̀ kejì ló gbé mi láti Iléṣà lọ sí Ìpetu, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. A kọjá Ìwárája, a kọjá Ẹ̀rìnmọ̀, òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dẹ̀rìn, àwọn obìnrin á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá sójú fèrèsé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tóbi tó apá ọmọdé. Mo pinnu pé n ó ra òdidi kan nígbà tí mo bá ń bọ̀. Ní Ìpetu, Wàsíù ti ń dúró dè mí tòun ti ọ̀kadà. Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ yìí kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ bí kò bá fi nǹkan pa mọ́.

A gba inú oko kòkó wọlé títí a fi já sí etí adágún omi kan tó gbòòrò, tó dákẹ́ rọ́rọ́. Òkúta ńlá kan wà láàrin omi náà tòun ti igi orí rẹ̀. Erékùṣù ni àwọn onífíìmù ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Adágbé, nítorí kò bá ẹnikẹ́ni tan. Mo wo orí òkúta náà, mo rí bàálù mi.

Ó ti dá sí méjì. Imú rẹ̀ wọ inú igbó, ìrù rẹ̀ dojú kọ sánmà, apá rẹ̀ kan gbá lulẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó já, èéfín dúdú sì ń rú lára rẹ̀.

"Ínnà lílàhì!" ni mo ké. "Wàsíù! Bàálù yẹn ti já!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìtàn bàálù tó já sí erékùṣù àdììtú ni wọ́n ń ṣe. Táyà ni wọ́n ń sun tó ń rú èéfín."

"O pè mí kí n wá kọ́ bí a ṣe ń wọ bàálù, o wá mú mi wá síbi èyí tó ti já?"

"Inú rẹ̀ ṣì dára, Àǹtí."

Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mo fẹ́ padà, mo ti ń wá ojú ọ̀nà. Àmọ́ ohùn Rùká ń dún létí mi, pé bí òun bá ti rí mi báyìí. Mo wá sọ fún ara mi pé bí mo bá sá fún bàálù onípákó lórí òkúta, èyí tí kò lè fò, tí kò sì lè já mọ́, kí ni n ó ṣe nígbà tí ti gidi bá dé? Mo dìde. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà ni Bàbá Tọ́pẹ́, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí kò sí ẹni tó ń gba orí omi náà kọjá láìbá a sọ ọ́. Kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún wa. "Ẹ máa ṣọ́ra níbẹ̀ o. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ohùn kan ti ń dún lórí Adágbé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ láìmú mi dání, n ò mọ ohun tí yóò bá bọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kúlúwàlláì lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ inú bàálù náà fún yín, nítorí òun ni mo torí rẹ̀ wá. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì tú àga bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n fi bébà tí wọ́n ya ìkùukùu sí lẹ ojú fèrèsé. Wàsíù mú mi jókòó, ó ní, "Ẹ ki irin yìí bọ èyí, kó dún kọ́." Mo kì í bọ̀ ọ́, ó dún kọ́. Mo tú u, mo tún kì í. Kọ́. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, mo sì rí ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn. Wàsíù ní, "Ẹ má ṣí i, Àǹtí. Ọ̀dà lásán ni wọ́n fi yà á."

Ìyá arúgbó kan ló jókòó tì mí, Yèyé Àṣàkẹ́, ará abúlé tó wà létí omi náà. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bàálù bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá. Mo fi bí a ṣe ń di bẹ́líìtì hàn án. Lójú mi, mo ti di ọ̀gá. Mo tiẹ̀ ń sọ fún un pé bí bàálù bá gbéra, etí á di, kó máa gbé itọ́ mì. Ta ló sọ ọ́ fún mi? Rùká ni. Yèyé Àṣàkẹ́ ń mi orí, ó ń gbé itọ́ mì.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá àwọn onífíìmù fi wọlé. Dékúnlé lórúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó, ó kọ ẹ̀yìn fìlà síwájú, gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ò jìnnà sí i ju bí ẹni ń gba iyọ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. "Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà iwájú méjèèjì, ẹ ti kú o. Ẹ dorí kodò, kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí yín lára." Ọmọ kan sì ń bọ̀ lóòótọ́ pẹ̀lú ike sóbò tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀kọ.

"Ta ló kú?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin, Mọ́mì. Ẹ̀yin tí ẹ wọ búlúù."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ mi fẹ́ bímọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó wọ bàálù lọ bá a, èmi lo ní kí n kú sínú bàálù? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. N ò kú o. Ọlọ́hun ò ní jẹ́."

"Mọ́mì, eré ni."

"Bí eré bí eré ni àlàbọrùn fi ń di ẹ̀wù. N ò kú!"

Wọ́n lè sọ pé Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà ò jọ ara wọn, pé àwọn ń gúnyán láàárọ̀ àwa ń mu ẹ̀kọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán, tísà tó ti fẹ̀yìn tì tó jókòó lọ́wọ́ òsì mi tú bẹ́líìtì rẹ̀. "Èmi náà ò kú," ló wí. "Wọn ò tíì san owó ìfẹ̀yìntì mi. Bí wọ́n bá rí òkú mi nínú fíìmù, wọ́n á fa orúkọ mi yọ." Ọmọbìnrin kan ní ìgbéyàwó òun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun ni alága ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, alága ò sì lè ti orí òkú wá síbi ìkórè.

Dékúnlé yíjú sí Yèyé Àṣàkẹ́. Ó rí irun rẹ̀ tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ìrètí sì wọlé sí i lójú. "Yèyé, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà láyé. Ṣé kí n wá ṣáájú ẹni tó jù mí lọ ni? Ilé wa kì í ṣe ilé aláìmọ̀wàáhù."

Dékúnlé ní òun á fi kún ẹran tí ẹni tó bá kú yóò fi jẹun. Tísà ní, "Ta ló ń fún òkú lẹ́ran?" Ó ní ká dìbò. A ò dìbò. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú mọ́lẹ̀, ó ní, "Bàálù ńlá báyìí já sórí òkúta, ẹ wá ní kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú? Kí ni n ó sọ fún àwọn tó fẹ́ wò ó?"

Yèyé Àṣàkẹ́ ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìwọ kú fún wa."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́!" ni Dékúnlé ké, ó sì fi ọwọ́ yí orí ká, ó ta ìka sẹ́yìn.

Ẹ̀rín tí a rín, bí bàálù náà kò bá tíì já tẹ́lẹ̀, ìgbà náà ni ì bá já. Ẹni tó gbé kámẹ́rà sọ kámẹ́rà kalẹ̀ kó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dékúnlé fúnra rẹ̀ gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é.

Ó wá gbà pé kò sẹ́ni tí yóò kú, ká sá ti pariwo dáadáa. Ó ní kí gbogbo ayé dákẹ́. A dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn kan dún lẹ́yìn bàálù, ó falẹ̀, ó gùn, kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó fò mọ́ alága ìkórè. Wàsíù, tó gbójú jù nínú wa, mú òòlù, ó yí lọ sẹ́yìn, ó sì fa òbúkọ ńlá kan yọ, tó ń jẹ apá bàálù wa lọ́wọ́. Ìyá ewúrẹ́ méjì tẹ̀lé e.

Gbogbo wa kọjú sí Bàbá Tọ́pẹ́. Ó ń wo omi.

"Olè pọ̀ nílẹ̀," ló wí. "Bí mo bá so wọ́n mọ́lẹ̀ lábúlé, wọ́n á jí wọn. Níbí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá."

Àdììtú erékùṣù nìyẹn. Ara Dékúnlé yá gágá. Ó ní ṣé àwọn ewúrẹ́ náà lè wá kú ní ẹ̀gbẹ́ bàálù, kó sá ti rí òkú kan. Bàbá Tọ́pẹ́ fò dìde. "Ewúrẹ́ mi? Tí wọ́n lóyún? Ẹ má dán an wò!"

Bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà nìyí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Wàsíù so okùn mọ́ ara bàálù, wọ́n ní àwọn á máa mì ín bí ìgbà tó ń já. Dékúnlé ké, "Ákíṣọ̀n!" èyí tó túmọ̀ sí pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mì ín. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé pákó ni. Mo mọ̀ pé Wàsíù ló di okùn mú. Síbẹ̀, nígbà tí àga mi gbé sókè tó sì tún fà mí sílẹ̀, gbogbo ẹ̀rù tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí físà ti jáde tú jáde lẹ́nu mi. Mo ké "Lá ìláhà ìlàláhù!" Mo ké orúkọ Rùká. Mo di ọwọ́ Yèyé Àṣàkẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní, "Rọra, ìka mi ni." Dékúnlé ní òun ò rí ẹni tó mọ eré ṣe tó mi rí. Eré wo?

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará abúlé tu ọkọ̀ wá bí ẹni tó wá yọ wá. Dékúnlé ti sọ ohun tí wọ́n máa wí fún wọn, wọn ò sì rántí ọ̀kan níbẹ̀. Ohun tí gbogbo Yorùbá ń sọ fún ẹni tí orí yọ ni wọ́n ń sọ. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ewu! Ewu iná kì í pa àwòdì!" Wọ́n gbé wa sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúrà gidi, pé n ò ní fi ẹsẹ̀ rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, pé n ó lọ n ó bọ̀, pé ọmọ ni n ó gbé bọ̀, kì í ṣe ọwọ́ òfìfo. Ta ló sọ fún un nípa ọmọ? Yèyé Àṣàkẹ́ ni. Dékúnlé ń ké "Kọ́ọ̀tì! Kọ́ọ̀tì!" pé kí wọ́n dúró. Wọn ò dúró. Èmi ń ṣe "àmín, àmín," omi ń dà lójú mi. Àdúrà ò mọ̀ pé eré ni.

A jẹ iyán lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo sì wọkọ̀ padà. Ọ̀nà tó gùn láàárọ̀ kúrú nírọ̀lẹ́. Mo sùn láti Iléṣà títí mo fi gbọ́ ariwo Òṣogbo.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun mọ̀gáríbì ni mo dé ojúde wa, mo sì rí i pé ẹ̀rọ̀ ò sí. Ẹní kún ilẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé káwọ́ lérí, Áfáà wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ráṣíìdì jókòó láàrin wọn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn onífíìmù ti ju fídíò sórí Wáásáàpù, ó sì ti dé Òṣogbo ṣáájú mi: èmi rèé nínú bàálù, èéfín ń rú, mo ń ké orúkọ ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n rí mi tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, àwọn kan sá wọlé.

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò rẹ́rìn-ín.

"O fẹ́ wọ bàálù, o wá lọ fi ara rẹ ṣe àpèjúwe bàálù tó já," ló wí. "Ó parí. O ò lọ mọ́. N ó pe ọkọ Rùká, kó dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Kí Rùká máa lo ìwé tí nọ́ọ̀sì fún un."

Gbogbo ilé ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ wò ó, ohun tí mo ti ń wá kiri nìyẹn. Ohun tí dókítà ò fún mi, ẹ̀gbọ́n mi fún mi níwájú gbogbo ẹbí, kò sì sí ẹni tí yóò pè mí ní ojo. Ó kù kí n ní, "Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá," kí n wọlé lọ sùn. Mo yanu láti sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni, "Mo ń lọ."

"Sáláwà!"

"Mo ń lọ, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní kí n kú nínú eré, mo ní n ò kú. Ṣé ohun tí mo kọ̀ nínú eré ni n ó wá bẹ̀rù títí tí ọmọ mi yóò fi dá nìkan bímọ? Ta ni yóò bá a gbé ọmọ náà kó lè wẹ̀?"

Ohùn Bọ̀ọ̀dá rọ̀. "Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ó ń bà mí gan-an ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ síta lójú wọn.

Ó sorí kọ́. Ó ní, "Èmi náà, nígbà tí mo ń lọ Mẹ́kà, mo dijú láti Ìlọrin títí dé Jídà. Nígbà tí mo ń bọ̀ náà, mo dijú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá ti di Àlàájì, kò sí ọdún iléyá kan tí kò ní fi ìkùukùu tí òun rí lókè dá wa lára yá, pé ó funfun, pé ó dà bí òwú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, pé oòrùn ń ràn lé e lórí. Àwọn ọmọ ilé wa mọ̀ ọ́n sórí.

"Bọ̀ọ̀dá," ni mo ní, "ìkùukùu yẹn ńkọ́?"

"Ẹni tó jókòó tì mí ló sọ bó ṣe rí fún mi."

Ẹ̀rín pa wá títí Áfáà fi rán wa létí pé ìrun ń lọ.

Àpótí mi wà lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń sọ èyí fún yín, ọ̀la ni n ó gbéra. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ní Ìpetu kò pọ̀: ẹ̀rù kì í ṣe àìsàn, kò sì sí dókítà tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni, a máa ń gbé e dání lọ ni. Mo mọ bí a ṣe ń di bẹ́líìtì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ní kí àna mi gbà fún mi, n ò sì ní dijú. Bọ̀ọ̀dá ti bẹ̀ mí lábẹ́lẹ̀ pé kí n wo ìkùukùu náà dáadáa, kí n wá sọ fún òun bóyá lóòótọ́ ló dà bí òwú.